Ojú Ìyá Ọkọ Mi Ni Mo Fi Ṣe Kéèkì Orí Igi

Ẹ̀yin òǹkàwé, mi ò kọ ìwé yìí kí ẹ lè bá mi káàánú. Àwọn tó sún mọ́ mi ti bá mi wí, àwọn kan ti bú mi, ẹnì kan tiẹ̀ gbàdúrà fún mi títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Kò sí èyí tó gbé ẹrù náà kúrò lórí mi. Mo ní kí n sọ ọ́ fún àwọn tí kò mọ̀ mí, bóyá ó máa fúyẹ́ díẹ̀.

Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń jókòó sídìí tábìlì iwájú ní ilé ìwòsàn ojú kan. Èmi ni mò ń gba káàdì, èmi ni mò ń kọ orúkọ, èmi náà ni mò ń ka òfin fún àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún, kí wọ́n tó máa lọ sílé. "Ẹ má tẹrí ba. Ẹ má gbé nǹkan tó wúwo. Ẹ má jókòó ti iná. Ẹ má fọwọ́ ra ojú. Ẹ kán oògùn yín ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin. Tí ojú bá pọ́n, ẹ padà wá lọ́jọ́ náà." Ọkọ mi sọ pé mo máa ń kà á lójú oorun.

Ọmọ mi ló fa ọ̀rọ̀ kéèkì. Ó fẹ́ pé ọdún méje, ó ní kéèkì orí igi lòun fẹ́ pín fáwọn ọ̀rẹ́ òun, irú èyí tó rí róbótó bíi bọ́ọ̀lù kékeré, tí wọ́n fi ṣokoléètì bò, tí wọ́n gún igi pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan bọ̀ nídìí. Mo ní kí ló le níbẹ̀? Mo yan kéèkì, mo rún un wẹ́wẹ́, mo pò ó mọ́ áísìn tí mo fi bọ́tà àti ṣúgà lẹ́búlẹ́bú ṣe, mo fọwọ́ yí i róbótó, mo gún igi bọ̀ ọ́, mo rì í bọ inú ṣokoléètì gbígbóná.

Gbogbo ẹ̀ já bọ́. Igi wà lọ́wọ́ mi, kéèkì wà nísàlẹ̀ abọ́. Àwọn tí kò já, ara wọn là kiri.

Ìyá ọkọ mi wà lórí àga lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, wọ́n ń gbọ́ bí mo ṣe ń pòṣé. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa nígbà yẹn nítorí ojú wọn. Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ ló kán, tó ta sí ojú òsì wọn nígbà tí ọkọ mi ṣì wà lọ́mọdé, ìyẹn ò ríran mọ́ rárá. Ojú ọ̀tún ló kù, nǹkan funfun kan sì ti ń bo ẹyinjú náà. À ń dúró de ọjọ́ iṣẹ́ abẹ ni.

"Ìyàwó mi, kí ló ń já bọ́ pọ̀, pọ̀ yẹn?"

"Kéèkì ni, Mà. Kò gbà kí igi dúró sára òun."

"Gbé e wá kí n fọwọ́ kàn án."

Aránṣọ ni Màámi. Odidi ogójì ọdún ni wọ́n fi ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ oge kan, iṣẹ́ tí wọ́n sì mọ̀ wọ́n mọ́ jù ni kí wọ́n máa fi aṣọ bo bọ́tìnnì. Wọ́n fọwọ́ kan kéèkì, wọ́n fọwọ́ kan igi, wọ́n tọ́ ṣokoléètì lá.

"O fẹ́ so gbígbóná mọ́ tútù láìsí alárinà," wọ́n wí. "Ki orí igi yẹn bọ ṣokoléètì ná, kó o tó wá gún un bọ̀ ọ́. Gbé e sí fíríìjì kí wọ́n dì mọ́ra. Tó o bá gbé e jáde, fún un láàyè díẹ̀, kó o sì jẹ́ kí ṣokoléètì náà lọ́ wọ́ọ́rọ́, kó má hó. Ìkánjú ló ń là á."

Bẹ́ẹ̀ ló rí lóòótọ́. Wọ́n yí ogójì lọ́jọ́ yẹn láìwo ọwọ́ ara wọn, láìlo òṣùwọ̀n, gbogbo ẹ̀ sì dọ́gba. Ọ̀kan ò já.

Èyí tó ṣẹ́kù ni mo gbé lọ síbi iṣẹ́. Nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀ tí à ń pè ní Ẹni-Tó-Kàn, nítorí látàárọ̀ dalẹ́ ló máa ń pariwo "Ẹni tó kàn!", kódà bí kò bá ku ẹyọ ẹnì kan lórí ìjókòó. Òun ló kọ́kọ́ mú ọ̀kan. Ó gé e jẹ, ó pa ojú dé.

"Ta ló ṣe èyí?"

Ìdáhùn ìbéèrè yẹn ò ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ: ìyá ọkọ mi. Ó ti dé orí ahọ́n mi. Ṣùgbọ́n látọdún tí mo ti ń gba káàdì, kò tíì sẹ́ni tó wojú mi bí Ẹni-Tó-Kàn ṣe wò ó lọ́jọ́ náà.

"Èmi ni," mo wí.

"Ìwọ kẹ̀? Ìwọ tí o máa ń fi búrẹ́dì gbígbẹ jẹun ọ̀sán?"

"Èmi náà ni o."

Àwọn tó kù pé lé mi lórí. Ọwọ́ mi, ọwọ́ mi, ni gbogbo wọn ń yìn. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ẹni mẹ́ta ti ní kí n bá àwọn ṣe tiwọn.

Màámi ń yí i, èmi ń gbé e lọ. Inú wọn ń dùn sí i, mi ò níí purọ́ mọ́ èyí. Wọ́n ní ọwọ́ ti ń yún àwọn látìgbà tí ojú ò ti jẹ́ kí àwọn ránṣọ mọ́. Èmi náà ń fi ìyẹn tu ara mi nínú. Mo ní eré ìdárayá ni fún wọn.

Ṣùgbọ́n bí fóònù mi bá dún, tí ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, mo máa ń dìde kúrò lọ́dọ̀ wọn, mo máa ń lọ gbọ́ ọ ní yàrá. Ẹni tí ọkàn ẹ̀ mọ́ kì í sá wọ yàrá nítorí ìkíni. Mo mọ̀ ọ́n nígbà yẹn, mo kàn ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ni.

Lóṣù keje, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ojú Màámi. Dókítà Àgbà, ọ̀gá wa pátápátá, ló ṣe é fúnra wọn. Nígbà tí wọ́n tú báńdéèjì lọ́jọ́ kejì, Màámi wo ọmọ mi, wọ́n tún un wò.

"Ẹ̀yin ò sọ fún mi pé eyín iwájú ọmọ yìí ti ká!"

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ọkọ mi jáde, ó ní òun fẹ́ lọ wo mọ́tò. Nígbà tó padà wọlé, ojú ẹ̀ pọ́n.

Lọ́jọ́ yẹn, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ọ̀rọ̀ kéèkì ti parí o. Mi ò fẹ́ rí Màámi nílé ìdáná títí oṣù kan máa fi pé. Ojú kan ṣoṣo ni wọ́n ní."

"Ṣé èmi tí mò ń ka òfin fún gbogbo ayé lẹ wá fẹ́ ka òfin fún?" mo bi í.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó gbà mí gbọ́, ó sì fọkàn balẹ̀.

Ọjọ́ karùn-ún lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà ni Dókítà Àgbà pè mí sí ọ́fíìsì wọn. Wọ́n fẹ́ fẹ̀yìn tì. Ayẹyẹ ìdágbére máa wà ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n sì fẹ́ kéèkì orí igi mi, igba, kí ìdajì jẹ́ funfun, kí ìdajì ní àwọ̀ ewé bí aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì wa.

"Nǹkan míì tún wà," wọ́n wí. "Yàrá ẹ̀gbẹ́ géètì yẹn, a fẹ́ sọ ọ́ di ibi táwọn aláìsàn á ti máa rí nǹkan jẹ tí wọ́n bá ń dúró. Mo ti dárúkọ ẹ fún ìgbìmọ̀. Jẹ́ kí wọ́n kàn tọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ẹ wò lọ́jọ́ náà."

"Ẹ ṣeun, sà. Ẹ fọkàn balẹ̀, sà."

Mo jáde, mo lọ yọjú wo yàrá ẹ̀gbẹ́ géètì. Gálọ́ọ̀nù tó ti fọ́ àti àga tí ẹsẹ̀ ẹ̀ kán ló kún ibẹ̀, àmọ́ ohun tí mo rí ni tábìlì, ìgbálẹ̀ tuntun àti èmi fúnra mi nínú épírọ́ọ̀nù. Ká má gba káàdì mọ́. Ká má gbọ́ "Ẹni tó kàn!" mọ́. Ẹ̀yin tó ti ṣe iṣẹ́ kan pẹ́ rí á mọ ohun tí mò ń wí.

Mo gbìyànjú láti dá a ṣe. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gbìyànjú lẹ́yìn iṣẹ́. Àwọn kan là, àwọn kan já, àwọn kan gùn gbọọrọ bí ọ̀dùnkún. Ọmọ mi wò ó, ó ní, "Mọ́mì, kí lèyí?" Mo ní kó lọ sùn.

Ó ku ọjọ́ méjì. Mo dúró nídìí abọ́, mo ń pòṣé, ni mo bá gbọ́ ìró bàtà Màámi lẹ́nu ọ̀nà. Awò dúdú tí wọ́n fún wọn nílé ìwòsàn wà lójú wọn.

"Ìyàwó mi, ìkánjú náà ni."

"Ẹ lọ jókòó, Mà. Ẹ mọ ohun tí dókítà wí."

Mo sọ ọ́, àmọ́ mi ò sọ ọ́ bí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n lọ. Àgbà mọ ohùn.

"Màá gbé abọ́ sórí tábìlì, mi ò níí tẹrí ba. Ṣé ọwọ́ mi ni wọ́n là ni? Ojú ni."

Ẹ̀yin èèyàn mi, kò sẹ́ni tó tì mí. Èmi tí mò ń ka òfin, èmi fúnra mi ni mo fa àga fún wọn sídìí tábìlì ilé ìdáná.

"Ẹ má jẹ́ kí ọmọ yín gbọ́ o, Mà."

"Kí ni mo fẹ́ sọ fún un?" wọ́n wí, wọ́n ti ká apá aṣọ sókè.

Lọ́jọ́ kejì, ọkọ mi ti jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, ọmọ lọ síléèwé, èmi náà lọ síbi iṣẹ́. Màámi nìkan ló kù pẹ̀lú kéèkì rírún tó kún ọpọ́n méjì. Ní gbogbo ọjọ́ tó ti kọjá, mo máa ń sáré wá sílé lọ́sàn-án láti kán oògùn sí ojú wọn. Lọ́jọ́ yẹn, àwọn ará ibi iṣẹ́ ní kí n wá bá àwọn so rìbọ́ọ̀nù mọ́ gbọ̀ngàn ayẹyẹ. Mo tẹ Màámi láago.

"Ṣé ẹ ti kán oògùn, Mà?"

"Ọwọ́ mi kún fún ṣúgà. Màá kán an tó bá yá."

Mo gbọ́ ọ kedere. Wọn ò lè dá oògùn kán sójú ara wọn, mo sì mọ̀. Mo ní, "Ó dáa, Mà," mo sì padà sídìí rìbọ́ọ̀nù.

Nígbà tí mo délé, igba kéèkì dúró lórí fóòmù, ọgọ́rùn-ún funfun, ọgọ́rùn-ún aláwọ̀ ewé, wọ́n ń dán. Mo pàtẹ́wọ́. Ìgbà tí mo pàtẹ́wọ́ tán ni mo tó wo Màámi. Ojú ọ̀tún wọn pọ́n.

"Ṣúgà lẹ́búlẹ́bú yẹn ló fò sí i," wọ́n wí. "Ó ń yún mi."

"Ẹ ò fọwọ́ ra á, àbí?"

"Díẹ̀ ni."

Tí ẹlòmíì bá tẹ̀ mí láago sọ bẹ́ẹ̀, mo mọ ohun tí mo máa wí: ẹ máa bọ̀ báyìí báyìí. Fún ìyá ọkọ mi, mo kán oògùn sí i, mo ní kí wọ́n lọ dùbúlẹ̀, ó máa lọ. Tí mo bá gbé wọn lọ sílé ìwòsàn, àwọn dókítà máa béèrè ohun tí Màámi ń ṣe. Ohun tó wà lọ́kàn mi nìyẹn. Mo ní kí ọ̀la ṣáà kọjá.

Ọ̀la náà dé. Gbọ̀ngàn kún. Wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n gbé kéèkì kiri. Dókítà Àgbà dìde, kéèkì aláwọ̀ ewé kan wà lọ́wọ́ wọn.

"Ẹ bá mi pàtẹ́wọ́ fún akọ̀wé wa," wọ́n wí. "Ọdún mọ́kànlá la fi ní ẹ̀bùn báyìí nílé, káàdì la ń ní kó máa gbà."

Gbọ̀ngàn hó yèè. Ẹni-Tó-Kàn ń lu tábìlì. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. Ibi tí mo ti ń dìde ni mo ti rí ọkọ mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó fi apá kan gbá Màámi mú. Màámi fi tówẹ́ẹ̀lì bo ojú.

Ọkọ mi ti padà sílé lọ mú nǹkan tó gbàgbé, ó bá ìyá ẹ̀ nílẹ̀ yàrá tí wọ́n dorí mú, tí wọ́n ń mì síwá sẹ́yìn. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

Dókítà Àgbà gbé kéèkì wọn sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, wọ́n mú Màámi wọ yàrá àyẹ̀wò. Ọkọ mi wọlé, èmi náà wọlé. Ẹni-Tó-Kàn gbé iná wá, ó dúró tì wá.

"Màmá, kí lẹ ṣe sójú yìí?"

"Mi ò ṣe nǹkan kan. Mo kàn jókòó jẹ́ẹ́ ni."

"Ṣé ẹ tẹrí ba?"

"Rárá o."

"Oògùn yín ńkọ́?"

"Ìyàwó mi ń kán an déédéé. Kì í jẹ́ kó yẹ̀."

Ìyà ń jẹ wọ́n, omi ń dà lójú wọn, wọ́n ṣì ń purọ́ fún mi. Mo jẹ́ kí wọ́n máa purọ́ náà lọ. Ọ̀rọ̀ ò dùn lẹ́nu ìyá olè.

Dókítà Àgbà di ọwọ́ Màámi mú kí wọ́n lè gbé e kúrò lójú. Wọ́n yí ọwọ́ náà sábẹ́ iná. Àwọ̀ ewé wà lábẹ́ gbogbo èékánná, ó wọ inú ìlà àtẹ́lẹwọ́ lọ. Irú àwọ̀ kan náà wà létí ẹ̀wù funfun tí Dókítà Àgbà wọ̀, níbi tí kéèkì ti ra mọ́ ọn.

Wọ́n gbójú sókè. "Ta ló ṣe kéèkì tí a jẹ lónìí?"

"A jọ ṣe é ni, sà," mo wí.

Kódà ní ibi tọ́rọ̀ dé yẹn, mo ṣì fẹ́ gbà nínú ẹ̀.

"Àwọn tó o ti ń gbé wá látẹ̀yìnwá ńkọ́?" Ẹni-Tó-Kàn bi mí. Ohùn ẹ̀ ò ròkè, mi ò mọ̀ pé ó lè sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọkọ mi ń wo ìka ìyá ẹ̀.

"Òfin tí ò ń kà fáwọn èèyàn lójoojúmọ́," Dókítà Àgbà wí, "kà á fún mi."

"Sà?"

"Kà á. Kí ọkọ ẹ gbọ́."

Mo kà á. Ẹ má tẹrí ba. Ẹ má gbé nǹkan tó wúwo. Ẹ má jókòó ti iná. Nígbà tí mo dé "ẹ má fọwọ́ ra ojú," ohùn mi wọlẹ̀, àmọ́ wọ́n dúró títí mo fi kà á tán. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n jáde kí àwọn lè ṣiṣẹ́.

Nínú gbọ̀ngàn, àwọn èèyàn ṣì ń jẹ kéèkì. Ẹnì kan ní kí n wá ya fọ́tò.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Màámi lò nílé ìwòsàn ńlá tí wọ́n gbé wọn lọ. Kòkòrò ti wọ ojú náà. Wọ́n gba ẹyinjú là, wọn ò rí ìríran gbà padà. Tí èèyàn bá dúró níwájú wọn báyìí, wọ́n máa mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀, wọn ò níí mọ̀ bóyá èèyàn ni tàbí aṣọ tí wọ́n gbé kọ́.

Ọkọ mi ò lù mí, kò bú mi. Ó kàn gba ìgò oògùn lọ́wọ́ mi ni. Ó gba ìsinmi níbi iṣẹ́, òun ló ń kán an. Tí mo bá wọ yàrá, ó máa dúró dè mí kí n jáde kó tó ṣí ìgò náà. Ì bá kúkú bú mi.

Yàrá ẹ̀gbẹ́ géètì, ẹlòmíì ni wọ́n gbé e fún. Mo ṣì ń gba káàdì. Òfin ni mi ò lè kà mọ́, Ẹni-Tó-Kàn ló ń bá mi kà á.

Ọjọ́ tí Màámi máa lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ku ọ̀la ni mo tó lè wọ yàrá wọn lọ kúnlẹ̀. Mo sọ gbogbo ẹ̀. Mo ní látọjọ́ kìn-ín-ní ni mo ti ń sọ fáwọn èèyàn pé ọwọ́ mi ni, pé mi ò dárúkọ wọn fẹ́nì kan rí.

"Ìyàwó mi," wọ́n wí, "ojú ló fọ́, etí ò di. Ṣé o rò pé mi ò gbọ́ ẹ ní yàrá ni?"

Mo gbórí sókè.

"'Èmi ni mo ṣe é, èmi ni.' Mò ń gbọ́ ọ. Aṣọ tí mo fi ogójì ọdún rán, orúkọ oníṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ gbogbo ẹ̀ lọ́rùn. Mo ní tọ̀tẹ̀ yìí yàtọ̀, ilé ọmọ mi ni mo wà. Mo ní o máa sọ ọ́ lọ́jọ́ kan. Gbogbo ìgbà tí fóònù ẹ bá ti dún, mo máa ń dáwọ́ iṣẹ́ dúró kí n lè gbọ́ bóyá tòní ni."

Mo sunkún. Mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n fọwọ́ wá orí mi kàn, wọ́n ní àwọn ti dárí jì mí tipẹ́. Mo ní tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n má lọ mọ́.

"Mo ti dárí jì ẹ́," wọ́n tún wí. "Ọ̀dọ̀ ọmọ mi obìnrin ni màá lọ."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọkọ mi dì wọ́n lọ́wọ́ mú wọnú mọ́tò, ó fa bẹ́líìtì kọjá lára wọn. Màámi kọjú sí ọ̀nà ilé wa. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń juwọ́ sí wọn títí mọ́tò fi yà ní kọ̀rọ̀. Wọn ò lè rí i.